Lẹ́yìn Ìkòkò Àná

Ṣọ́ọ̀bù mi kò fẹ̀ ju ẹní ìkírun méjì lọ,
ní Tàíwò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta awò ojú.
Géèmù àtẹ́lẹwọ́ ni mò ń tà, òun ni mò ń tún ṣe,
èyí tí ọmọ lè tì bọ àpò ṣòkòtò iléèwé
kí tíṣà má fura.

Lóṣù tó kọjá mo kó mẹ́fà,
ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà lọ́kọ̀ọ̀kan.
N kò rí ẹ̀dínwó kọ́bọ̀.
Mo tò wọ́n sínú àpótí gíláàsì bí ẹní to ẹyin.
Ọjọ́ kọkànlá ni Sùlú tó ń bá wa kẹ́rù pè:
“Gàní, tuntun ti dé o.”
Kí ni wọ́n ṣe sí i?
“Wọ́n fá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú rẹ̀ fẹ̀ sí i.
Bọ́tìnnì rẹ̀ kì í ké kẹ́ kẹ́ mọ́.”
Èló?
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń fọn fèrè ọkọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.
“Ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́ta.”

Báyìí ni mẹ́fà mi ṣe darúgbó
láìtíì bọ́ ọ̀rá lára.

Mo gbé ọ̀kan lọ bá ìyá mi ní Òkèlèlè.
Ó ń mọ ìkòkò lọ́wọ́: ó da ti àtijọ́ dé sílẹ̀,
ó fi amọ̀ tútù bò ó lẹ́yìn,
ó ń gbá a pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gbá ìkókó lẹ́yìn kó lè gùnfẹ̀.
Mo ní: Ìyá, báyìí ni wọ́n ń ṣe é.
Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n á bu owó gọbọi lé e,
torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ojú ń kán kì í yọwó.
Tí àwọn yẹn bá rà á tán, wọ́n á gé owó rẹ̀
kí ọmọ tálákà náà lè nawọ́ sí i.
Tó bá tún ṣe, wọ́n á yọ nǹkan kan kúrò,
ihò tí à ń ki káàdì àtijọ́ bọ̀,
tàbí àgbékọ́ tó ń jẹ́ kó ṣeé pa dé bí ìwé,
wọ́n á kùn ún ní búlúù, wọ́n á ní ó ti fúyẹ́.

“Èrè wọn dà níbẹ̀?”

Kò sí lára rẹ̀. Ohun tí à ń rà kì bọ inú rẹ̀ lèrè.
Bí ẹni ta ìkòkò ní ọ̀pọ̀, tó wá ń ta omi.

Ó rẹ́rìn-ín títí amọ̀ fi já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
“Wọ́n gbọ́n jù mí lọ. Èmi ò jẹ́ ta omi Ọlọ́run.”
Ó fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ gba géèmù náà,
ó gbé e sétí, ó fi oríkèé ìka kàn án.
“Èyí ò mà sán. Kí ló wá ṣe é?”
Mo nu amọ̀ kúrò lójú rẹ̀. N kò fèsì.

Ní Sátidé, ọmọbìnrin kan wá láti Pàkátà,
Ráfátù, owó rẹ̀ wà nínú bébà tó ya lára ìwé ìṣirò.
Káàdì mẹ́jọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó lọ sí Jẹ́dà,
tuntun ò sì ní ihò.
Mo ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta.
“Nígbà tí tuntun ń lọ ní márùndínláàádọ́ta?
Ẹ gba ogójì.”
Ta ló kọ́ ọmọ yìí?
A parí rẹ̀ sí mẹ́tàlélógójì. Mo pàdánù, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ó kù márùn-ún.
Mo gé páálí, mo kọ ọ́ gàdàgbà:
ÈYÍ Ń GBA KÁÀDÌ ÀTIJỌ́.
Mo pa ọgọ́ta rẹ́. N kò kọ mẹ́tàlélógójì.
Méjìléláàádọ́ta ni mo kọ.
Nígbà tí mo fi kírun Àsárù dé,
bàbá kan ti dúró níwájú gíláàsì,
ó ń ka páálí náà, ètè rẹ̀ ń mì,
ọwọ́ rẹ̀ kan wà nínú àpò.