Akoto Aláwọ̀ Eérú

Òjò Huế kì í bi ẹnikẹ́ni pé níbo lò ń lọ.
Khuê gbé alùpùpù rẹ̀ dúró lẹ́nu ìsọ̀,
ó jókòó sórí àpótí oníke,
ó dé akoto pupa, kò sì ṣí i.

"Ṣé o ò ní rà á ni?" Lựu bi í.
"Jẹ́ kí n mu tíì yìí tán ná."

Kó tó mu ún dé ìdajì, akoto ti ń tẹ̀ ẹ́ níwájú orí
bí ìka ìyá ọkọ.
Èkejì fúyẹ́ bí èèpo ẹyin:
owó rẹ̀ kéré, ẹ̀rù rẹ̀ ò kéré.
Ẹ̀kẹta ń dán. Ìrẹsì oṣù méjì ni.
Ó gbé e padà jẹ́jẹ́, bí ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀kẹrin, aláwọ̀ eérú, kò lẹ́wà rárá.
Ó mi orí: kò yẹ̀.
Ó yán: okùn ò fún un lọ́rùn.
Tíì tán. Ó ti gbàgbé pé òun dé nǹkan.

Ó ná an títí Lựu fi rẹ́rìn-ín.
Lẹ́yìn náà ó tọ́ka sí kékeré kan lókè.

"Ta ni yóò dé ìyẹn?"
"Ọmọ tó ń jókòó lẹ́yìn mi.
Láti èṣí, èmi nìkan ni mò ń dé akoto."

Òjò ò tíì dá.
Ó so kékeré náà mọ́ ọwọ́ alùpùpù.
Ó tú u. Ó tún un so.