Ojú Tó Dá Gáú

Bébà kékeré kan, kò tó èékánná àtàǹpàkò,
ni mo fi lé ẹyinjú Ìyá Ọmọ́yẹni láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì,
ní ilé-ìwòsàn ní Ìdó-Èkìtì,
tí ọyẹ́ ti fi eruku kun gbogbo fèrèsé.
"Ẹ má ṣẹ́jú, mà." Mo kà dé márùn-ún. Mo ṣí i kúrò.
Ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, ojú lásán kò lè rí i.

Mo rẹ ẹ́ sí aró pupa, mo rẹ ẹ́ sí elése àlùkò,
mo tẹjú mọ́ maikirosíkópù,
mo ń yí kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń wá ohùn rédíò tó jìnnà,
títí gbogbo rẹ̀ fi là.

Sẹ́ẹ̀lì rèé, wọ́n fara ti ara wọn
bí ebè tí a wò láti orí òkè,
kóró dúdú kan láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ṣùgbọ́n àwọn oníkùn ńlá, àwọn tó rí bí ìkòkò,
tí ń sun omi yíyọ̀ tó ń di omijé mú lójú,
mo wá wọn láti etí gíláàsì dé etí:
ẹyọ méjì.
Ọ̀kan ti fọ́.

Mo ní kí ìyá wá wò ó.
Wọ́n ti gèlè sẹ́yìn, wọ́n di ojú kan,
ojú kejì ń wo awọ ojú.
Wọ́n dákẹ́ pẹ́.
"Oko usu rè é," wọ́n ní. "Ta ló dáná sun ún?"

Mo ní eruku ni, èéfín àdògán ni, ọjọ́ orí ni;
orísun omijé ti ń gbẹ, èyí tó kù kò ríbi dì mú.
Wọ́n yíjú sí mi.
"Ọjọ́ tí a sin bàbá Ọmọ́yẹni ní Ùsì,
ẹkún há mi láyà bí eegun ẹja,
ẹ̀kán kan kò bọ́.
Wọ́n ní ojú mi dá gáú
bí ojú ẹni tó mọ ohun tó pa á.
Ọdún kẹrin rè é tí Adúùnbí, àbúrò rẹ̀, kò kí mi.
Kọ ọ́ sí ìwé, ọmọ mi. Kọ ọ́ gàdàgbà.
Kọ pé àwọn ìkòkò yẹn ló gbẹ."

Fọ́ọ̀mù wa láyè fún orúkọ, fún ọjọ́ orí, fún iye sẹ́ẹ̀lì.
Mo kọ ọ́: méjì, ọ̀kan ti fọ́.
Mo yí ìwé náà padà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun,
mo sì bẹ̀rẹ̀:
"Sí Adúùnbí, ní Ùsì."