Olùrẹ́run

Kí Don Onofre tó dé, mo ti dán ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí wò.
Ó dún. Mo fọwọ́ síwèé.
Mo ka oògùn inú dúrọ́ọ̀; ọ̀kan ń lọ sí òpin ọjọ́ rẹ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀.
Níta, ẹ̀fúùfù Punta Arenas ń gbá fèrèsé
bí ẹni tó wá sin gbèsè.

Ó wọlé, ó bọ́ fìlà, ó bọ́ ẹ̀wù.
Ọdún méjìlélógójì ló fi rẹ́run àgùntàn.
Mo mú abẹ: “Ẹ má bínú, bàbá,
irun àyà yín ò ní jẹ́ kí wáyà lẹ̀.”
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
“Eliana, ó wá kàn mí lónìí!
Rọra o. Èmi ò gé àgùntàn kankan lára rí.”
Irọ́ ni. Àwa méjèèjì mọ̀ pé irọ́ ni.

Wáyà mẹ́wàá. Mo di ìfúnpá mọ́ apá òsì.
Oògùn wo lẹ lò láàárọ̀? Ṣé àyà ń dùn yín?
Bí ohunkóhun bá yí padà, ẹ sọ.
Ẹ má ṣe akin níbí.

Ó gun ẹ̀rọ ìrìn.
Ó ń rìn, kò kúrò lójú kan;
ilẹ̀ ló ń sá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹran tó rí abẹ.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo fi òkè díẹ̀ kún ọ̀nà.
Ìṣẹ́jú mẹ́fà. “Báwo ni?”
“Dáadáa.”
Ìlà ojú ẹ̀rọ náà ní dáadáa.
Ṣùgbọ́n mi ò wo ìlà nìkan.
Mo wo ètè. Mo wo ọwọ́ tó di irin mú
bí ẹni tí afẹ́fẹ́ òpópónà fẹ́ gbé lọ.
Òógùn iwájú orí yẹn kì í ṣe òógùn ìrìn.
“Báwo ni?”
“Dáadáa.”
Dáadáa kejì kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìgbà náà ni ìlà rọ̀ wálẹ̀
bí okùn tí a sá aṣọ tútù sí.
Mo tẹ bọ́tìnnì pupa, mo ké sí Dókítà Paillacar,
èjìká mi ti wà lábẹ́ apá rẹ̀.
Bẹ́ẹ̀dì ò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ:
èmi ni mo sún un síbẹ̀ láàárọ̀.

Nígbà tí ètè rẹ̀ padà pọ́n, ó ní:
“Àgùntàn tó bá dákẹ́ jù lábẹ́ abẹ,
ṣe là ń dá ọwọ́ dúró.”
Kí ló dé tí ẹ̀yin fi dákẹ́?
Ó kọjú sí fèrèsé.

Mo wọn ìfúnpá, mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Ìṣẹ́jú kan.
Mo tún wọ̀n ọ́n.