Ìwé Ọdún Tó Kọjá

Ní Punta Arenas, afẹ́fẹ́ ń já páànù òrùlé.
Eduvigis to ìwé ìtàn ọdún kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.

Èyí tó nípọn jù, oṣù mẹ́ta ló fi kà á;
kò rántí ju bàtà opó kan lọ,
tí omi ń ro tó, tó, lára rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Èyí tó pa á lẹ́kún nínú bọ́ọ̀sì
kò tilẹ̀ dáa tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí Anselmo tó ń rẹ́ irun àgùntàn yá a,
èkúté ti jẹ ojú ewé ìkẹyìn.
Ọmọbìnrin inú rẹ̀ ṣì dúró létí òkun,
ó nawọ́ sókè:
ṣé ó ń kí ẹnìkan káàbọ̀ ni,
àbí ó ń dágbére?

Láti ìgbà náà, ìwé tirẹ̀ ti dúró.
Òru dé, á mú gègé,
á ní kóun bá a gbé ọwọ́ yẹn wálẹ̀.
Ó kọ, ó kọ,
ọwọ́ kọ̀.