Ṣòkòtò Baba Onílé

Ìwé ìwọ̀n mi mọ̀ ọ́n jù mí lọ.
Ojú ewé kẹta: Jeremáyà Oyèwùsì,
ìbàdí, ọgbọ̀n ínṣì.
Ọdún tí mo kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù ní Tákìé nìyẹn,
tí òun ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Apáké,
tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó lẹ́fẹ̀ lẹ́nu
àfi kíláàsì kẹrin.

Ó ní, "Télọ̀, rán ṣòkòtò kan fún mi
tó máa já bọ́ nígbà tí mo bá fẹ́,
tí kò ní í já bọ́ nígbà tí n kò bá fẹ́."
Mo ní, ta ló kọ́ ọ nírú èyí?
Ó ní eré Kérésì ni.
Òun ṣe ọ̀kan nínú àwọn amòye láti ìlà oòrùn,
okùn ìbàdí já níwájú Màríà,
gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wó lẹ́rìn-ín,
pásítọ̀ pàápàá fi Bíbélì bojú.
"Mi ò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí."

Bó ṣe sọ ṣọ́ọ̀kì nù nìyẹn.
Ó bá àwọn eléré gun ọkọ̀ akẹ́rù
lọ Ṣakí, lọ Ìkirun, lọ Ọ̀fà,
ó sùn lórí àpò aṣọ, ó mu gààrí láìsí ṣúgà.
Ìbàdí: méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ìgbà tó yá ni tẹlifíṣọ̀n dé.
Ó di Baba Onílé,
ahun tó ń ka gílóòbù kiri yàrá àwọn ayálégbé,
tó ń jágbe, "Ta ló tanná ilé mi?"
Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀nà Ìlọrin á dá wáí,
àwọn méjì tó ń jà nídìí ẹ̀rọ omi
á ní kí àwọn dá a dúró di aago mẹ́sàn-án.
Ìbàdí: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ogójì. Mẹ́rìnlélógójì.
Mo ń tú u, mo ń lẹ aṣọ mọ́ ọn lẹ́yìn,
níbi tí ojú ayé kò dé.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó ń sunkún lẹ́bàá ibojì,
ọmọdé kan nawọ́ sí i, ó bú sẹ́rìn-ín.
Mo rò pé yóò bínú.
Ó wò ó, ó fa ṣòkòtò sókè díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe é,
ó sì ń sunkún lọ.

Lọ́dún tó kọjá, lásìkò máńgòrò, ó tún wá,
tòun tọ̀pá, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.
Mo fi téèpù yí i ká: ọgbọ̀n ínṣì, géérégé.
Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n dín in."
Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ó ti ń já bọ́ fúnra rẹ̀,
iṣẹ́ mi ti dín kù."

Lálẹ́ eré náà, nínú gbọ̀ngàn ìlú,
ó ku díẹ̀ kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n múná lọ.
Òkùnkùn birimù. Ẹnikẹ́ni ò wúkọ́.
Mo gbọ́ ìró tí èmi nìkan mọ̀,
aṣọ tó ń yọ̀ bọ́ sórí pákó.
Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí:
"Ta ló paná ilé mi?"

Ẹ̀rín náà dé Arówómọlẹ̀.
Jẹnẹrétọ̀ bú, iná dé,
ó dúró, ẹsẹ̀ tín-ín-rín bí igi ẹ̀gẹ́,
ó tẹríba
bíi pé àwọn amòye yòókù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣòkòtò náà wà lọ́dọ̀ mi, mo ń tún etí rẹ̀ rán.
Owó ìránṣọ àkọ́kọ́, náírà méjì àti àádọ́ta kọ́bọ̀,
kò tíì san án.
Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.
Láti ojú ewé kẹta ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀.