Ẹnu-Ọ̀nà Kan Ṣoṣo

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún séfà ni mo kà lé Múfútáù lọ́wọ́.
Ó kà á, ó tún un kà,
ó ní, "Bàbá Alájọ, tuntun ni, inú páálí ló ṣì wà,
ẹ wo bébà tí wọ́n fi dí i, kò ya."
Mo wò ó. Kò ya lóòótọ́.
Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹyin tí kò sán rí
tí ọmọ ti kú sínú ẹ̀.

Ikán ló lé mi dé ìdí ọ̀dìnátọ̀.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gba àjọ ní Kétu yìí,
láti Ìdènà títí dé ọ̀nà Ìlárá,
ìwé mi a wà lábẹ́ itan bí mo bá jókòó,
lábẹ́ ìrọ̀rí bí mo bá sùn.
Lọ́jọ́ kan mo gbé e, ó ku èèpo.
Ikán ti jẹ oṣù mẹ́rin Màmá Sìkírá,
ó fi òǹtẹ̀ sílẹ̀.
Oyèníkẹ́ ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹ ra ẹ̀rọ. Ikán ò jẹ irin."

Òótọ́ ni, ikán ò jẹ irin.

Lálẹ́ tí mo tan án, kí n tó kí i ló ti ń bi mí léèrè:
Kí lorúkọ rẹ? Ìlú wo lo wà?
Fi ìka rẹ síbí. Jẹ́ kí n rí ojú rẹ.
Àlejò tí kò tíì mumi
tó ń béèrè yàrá tí onílé ń kówó sí!
Lókè ẹ̀, ojú kan wà bí hóró ìyèré,
kì í ṣẹ́.
Mo ti bọ́ra tán kí n tó rántí ẹ̀.
Mo fa aṣọ mọ́ra bí ẹni tí àna ká mọ́ balùwẹ̀.

Felisítè ọmọ Láléyẹ, tó kọ́ṣẹ́ ní Àjàṣẹ́,
jókòó tì í lọ́sàn-án Àlàmísì, ó ń tẹ̀, ó ń pòṣé.
"Ẹnìkan ti gbé inú ẹ̀ kó tó dọ́dọ̀ yín.
Ẹ wo iṣẹ́ tó ń jẹ́ lálaalẹ́
fún ẹni tí ẹ ò mọ̀, ní ìlú tí ẹ ò lè pè."
Mo ní, "Bébà ẹ̀ ò kúkú ya."
Ó wò mí bí a ṣe ń wo ọmọ tó ń wá oṣù nínú kànga.
"Bàbá, kì í ṣe ẹnu páálí ni wọ́n gbà wọlé."

Àwọn baba wa mọ odi yí Kétu ká,
wọ́n fi ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo sílẹ̀, wọ́n fi ènìyàn ṣọ́ ọ.
Mo bi Felisítè: mélòó ni tèmi ní?
Ó kà, ó kà, ó dákẹ́.
(Odi ọ̀hún náà sì wó níjọ́ ọjọ́ kan. Ẹ má jẹ̀ẹ́ n parọ́.)

Ó nu inú ẹ̀ bí ẹni tí ń fọ ìgò kẹrosíìnì
kí wọ́n tó rọ oyin sí i.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ tún lọ. Ọ̀pọ̀ di ọ̀wọ́n.
Ó ní kí n yan ọ̀rọ̀ ìwọlé, kó má jẹ́ orúkọ ọmọ.
Mo yàn án. Mi ò ní sọ ọ́ níbí.
Mo mú pílásítà tí ìyàwó mi fi ń lẹ gìgísẹ̀,
mo fi lẹ ojú ẹ̀ pa.

Síbẹ̀, oorun ò tètè kùn mí.
Obìnrin mẹ́tàlélógójì ló wà nínú irin yìí:
èyí tó ń fi pamọ́ fún ọkọ,
èyí tó fẹ́ fi tirẹ̀ sá lọ lẹ́yìn ìkórè.
Wọn ò fún ìlú tí mi ò lè pè. Èmi ni wọ́n fún.
Nítorí náà, mi ò kọ orúkọ wọn.
Mo kọ Ẹlẹ́sẹ̀-òjò. Mo kọ Arẹ́rìn-ín-sunkún.
Mo kọ Ẹni-tó-bù-mí-lómi-lọ́jọ́-ikú-Bàbá.
Kí olè wọlé, kó tanná,
kó wá ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri Kétu.

Oyèníkẹ́ bi mí lánàá kí ni ìwé tún ń ṣe lábẹ́ ìrọ̀rí mi.
Mo ní kó rọra sọ̀rọ̀:
ikán ò tíì mọ̀ pé mo ra òmíràn.