Ẹyin Lohùn

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn,
bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.
Ní Ìdí-Àràbà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń sá aṣọ aláìsàn,
ohùn gan-an là ń sọ lu ẹyin.

Èmi ni mo ń bọ́ eku. Ọdún mọ́kànlá.
Mo mọ èyí tó ń gé ni jẹ, mo mọ èyí tó lóyún
kí dókítà tó fọwọ́ kàn án.
Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Dókítà Marínhò gbé ìgò kan dé
tí kò ju ìka ọmọdé lọ.
Ó mì ín, inú rẹ̀ funfun bí omi ògì.
Ó ní, "Sàídátù, wá wo inú awò."
Mo wò ó. Ìfófó ni, bíi ti ọṣẹ,
àmọ́ ẹgbẹ̀rún wọn á gba ojú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo
láìfara kanra.
Atẹ́gùn ni wọ́n gbé wọ̀ lẹ́wù ọ̀rá.
Bí ẹ̀rọ bá ké igbe tí etí èèyàn kò lè gbọ́,
wọ́n á gbọ́, wọ́n á máa wú, wọ́n á máa súnkì,
wọ́n á dáhùn;
ìdáhùn yẹn ló ń di àwòrán lójú gíláàsì.

Ó dáa. Bí wọ́n bá wá bẹ́ ńkọ́?
Bí wọ́n bá bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin eku
tó rí bí eruku, tó rọ̀ ju àwùjẹ̀ ọmọ tuntun,
ta ni yóò sọ ohun tó fara gbá?

Ìbéèrè dókítà nìyẹn. Tèmi wà ní Muṣin.
Àbúrò mi Rẹ̀mílẹ́kún, ọdún méje nílé ọkọ,
wọ́n ní kó wá, kí wọ́n fi irú ìfófó yìí
wo ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ.
Ó bi mí lórí fóònù, lóru, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀:
"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ṣé kò léwu?"

A pín ẹyin sí àwo mẹ́ta.
Àkọ́kọ́, ohùn àti ìfófó.
Ìkejì, ohùn nìkan.
Ìkẹta, a ò ṣe é ní nǹkan kan; ó kàn jókòó, ó ń ṣẹlẹ́rìí.
A gbé wọn sínú àpótí olóoru, a tilẹ̀kùn.
Aago méjì òru, iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dákẹ́.

Ilẹ̀ mọ́. Nínú àwo àkọ́kọ́, gbogbo ẹyin ti dúdú.
Mo ní, "Ìfófó ti pa wọ́n."
Dókítà ò fèsì. Ó fa àwo kẹta sábẹ́ awò,
èyí tí ohùn kò kàn, tí ìfófó kò mọ̀ lójú.
Àwọn náà ti kú.

Ọ̀gá yàrá kejì ní kó ṣáà kọ ọ́ pé kò léwu,
àwọn tó fowó sílẹ̀ ń dúró, oṣù ń lọ.
Ó ní, "Mi ò mọ ẹni tó pa òkú yìí.
Mi ò ní dá ìfófó lẹ́bi, mi ò sì ní dá a láre."

Mo pe Muṣin. "Rẹ̀mí, a ò tíì mọ̀.
Bi dókítà tìẹ léèrè ohun tí wọ́n ti rí lára èèyàn,
tiwa kò ju eku lọ."
Ó pẹ́ kó tó fọhùn. Mo ń gbọ́ fáànù rẹ̀.
"Ó sàn," ó ní, "ju kẹ́ ẹ parọ́ fún mi."

Lónìí a tún bẹ̀rẹ̀. Owó mi ni mo fi repo sí jẹnẹrétọ̀.
Eku mẹ́fà tuntun, etí wọn pupa fẹ́ẹ́rẹ́.
Dókítà mi ìgò. Mo rọra gbé àwo,
mo rọra gbé ẹsẹ̀,
n kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀.